Òkun Nínú Ìkòkò Ọṣẹ

Ìlú Bouaké tí mo ti ń ṣe ọṣẹ, tí mo sì ti ń po ìpara, wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ó sì tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan níbi tí òkun gbé ń bú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bá mi dé àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní Zone industrielle, tí ó rí àpò iyọ̀ òkun àti ike ìyẹ̀fun koríko òkun tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé kí ni ó pa èmi ará òkè pọ̀ mọ́ Olókun Ṣẹ̀níadé. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, n kì í sì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti dá mi lójú pé kò sí ìkòkò ọṣẹ kan tí a ń rò ní ilẹ̀ yìí lónìí, ìbáà ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá, ìbáà ṣe ti ìyá àgbà tí ń fi ọwọ́ ká ọṣẹ kabakrou ní ẹ̀yìnkùlé, tí òkun kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni bóyá ẹni tí ó di orógùn mú mọ iṣẹ́ tí òkun ń ṣe nínú ìkòkò náà, tàbí orúkọ òkun nìkan ni ó mọ̀, tí ó sì fi ń tajà.

Ẹni tí kò bá mọ Bouaké dáradára lè rò pé òórùn epo ẹ̀rọ àti irin nìkan ni a ń gbọ́ ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òwú ni ó sọ ìlú yìí di ìlú ẹ̀rọ. Láti ọdún 1921 ni Robert Gonfreville ti dá ilé iṣẹ́ tí ń ran òwú tí ó sì ń hun aṣọ sílẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tí ó di 1974, CIDT, ẹgbẹ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀gbìn òwú, fi Bouaké ṣe ibùjókòó. Ilé iṣẹ́ Trituraf ń fún òróró láti inú hóró òwú, SITAB ń ká sìgá, àwọn ọmọ ìyá wa láti Èjìgbò ilé Ògìyán, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti agbègbè Ìlọrin, tí àwọn onílé ń pè ní Ànàgó, sì ń bá wọn tà, wọ́n ń bá wọn rà, títí tí èdè Baoulé àti Dioula fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tí ilẹ̀ yìí pín sí méjì, tí Bouaké sì di olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó dákẹ́, àwọn mìíràn kò sì tún fọhùn mọ́. Ṣùgbọ́n ogun kò lè ní kí àwọn ènìyàn má wẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ọṣẹ kò parun. Hóró òwú wà nítòsí, òrí ń ti Korhogo àti Boundiali sọ̀ kalẹ̀ wá, epo pupa àti àdín ń ti gúúsù gòkè bọ̀. Ilẹ̀ ni ó fún wa ní òróró. Òkun ni ó fún wa ní ohun tí ó ń sọ òróró di ọṣẹ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá yà lẹ́nu, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí sódà ti wá. Ní ayé àwọn ìyá wa, eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni a ń da omi sí, tí a ń sẹ́, tí a sì ń fi omi rẹ̀ tí ó korò janjan bá àdín lò lórí iná títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ní òkè òkun lọ́hùn-ún, àwọn tí kò ní kòkó, tí wọn kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ń gbé etí òkun Brittany ní Faransé àti etí òkun Scotland, koríko tí ìgbì gbé wá sí èbúté ni wọ́n ń sá, tí wọ́n ń sun, tí wọ́n sì ń ta eérú rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti àwọn tí ń ṣe gíláàsì. Inú irú eérú bẹ́ẹ̀ ni Bernard Courtois ti ṣèèṣì rí áyódíìnì ní ọdún 1811, nígbà tí èéfín aláwọ̀ àlùkò rú sókè lójú rẹ̀. Kí ó tó di àkókò náà, ní 1791, Nicolas Leblanc ti rí ọ̀nà tí a lè gbà sọ iyọ̀ di sódà láìsun koríko kankan. Ernest Solvay wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1861. Ní ìgbẹ̀yìn ni wọ́n wá ń fi iná mànàmáná la omi iyọ̀ kọjá, tí sódà tí ó le, tí ó funfun, tí ó sì ń jó ọwọ́, fi ń jáde lára rẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí a ń rà lọ́jà Bouaké nínú àpò, tí àwọn ìyá oníkabakrou ń pè ní potasse. Iyọ̀ tí wọ́n sì ń wà nínú ilẹ̀ pàápàá láti fi ṣe é, òkun àtijọ́ tí ó gbẹ ni. Bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn: kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Bouaké ní 1912, iyọ̀ òkun ti ń gba ojú odò Bandama láti Grand-Lahou gòkè dé ọjà Tiassalé, tí àwọn Baoulé ń rù ú wá sí ilẹ̀ wọn. Òkun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gun òkè wá bá wa.

Àwọn baba wa a máa gbàdúrà pé kò sí ohun tí yóò ṣe ọṣẹ tí kò ní hó. Àdúrà rere ni, àmín ni gbogbo wa sì ń ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ọṣẹ tí a fi epo pupa ṣe lọ sí Grand-Bassam, tí ó sì rì í sínú ìgbì kí ó fi wẹ̀, yóò rí ohun kan tí ó ń ṣe ọṣẹ tí kì í fi í hó. Kàkà kí ó hó, yóò di wàrà funfun tí ń lẹ̀ mọ́ ara, nítorí pé kálíṣíọ́mù àti máginíṣíọ́mù inú omi òkun a máa gbá ọṣẹ mú, wọn a sọ ọ́ di èérí tí kò lè yòrò, iyọ̀ tí ó pọ̀ níbẹ̀ a sì máa lé ìyókù jáde kúrò nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni, agbára kan náà yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ ńláńlá fi ń ṣe iṣẹ́ tiwọn: nígbà tí òróró àti sódà bá ti jinná tán nínú agbada, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i, ọṣẹ yóò sì gbá jọ, yóò léfòó sókè, omi tí ó ru ìdọ̀tí àti glycerine yóò sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè fà á kúrò. Ohun tí ń ba ọṣẹ jẹ́ ní etí òkun, òun kan náà ni ó ń fọ ọṣẹ mọ́ nínú agbada.

Àgbọn ni ó gba àdúrà àwọn baba wa là. Ọṣẹ tí a bá fi òróró àgbọn ṣe a máa hó nínú omi iyọ̀, nítorí pé ọ̀rá inú rẹ̀ kò gùn tó ti epo pupa, omi iyọ̀ kò sì lè tètè lé e jáde. Òun ni àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ fi ń wẹ̀ nígbà tí omi tútù kò tó wọn mu nínú ọkọ̀. Ó jẹ́ ohun tí ó wú mi lórí púpọ̀ pé igi tí Ọlọ́run gbìn sí bèbè òkun láti Assinie títí dé Grand-Lahou, òun gan-an ni ó mú ọṣẹ tí òkun kò lè borí jáde. Ibùdó Marc Delorme ní Port-Bouët, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ́jú oríṣìíríṣìí irú àgbọn fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àti Òkun Íńdíà, jẹ́ ohun ìṣúra tí ó yẹ kí àwa ọlọ́ṣẹ máa kígbe pé kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí ilé kíkọ́ gbé mì.

Láti ara ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti ń ṣe ọṣẹ oníyọ̀, n ó sì sọ bí a ti ń ṣe é, nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ni a ti ń mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. A ó kọ́kọ́ sá iyọ̀ náà títí yóò fi gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi asẹ́ kíkúnná jọ̀ ọ́, nítorí pé hóró iyọ̀ tí ó bá ní etí mímú yóò ha awọ ara títí tí yóò fi bó. Òróró àgbọn ni yóò pọ̀ jù nínú ìkòkò, òrí díẹ̀ yóò tẹ̀lé e, a ó sì dín sódà kù sí iye tí òróró lè jẹ tán, kí ọ̀rá díẹ̀ lè ṣẹ́ kù tí yóò máa tọ́jú awọ. Nígbà tí a bá rò ó tí ó ki, tí èyí tí ó kán láti ara orógùn bá dúró díẹ̀ lórí ojú rẹ̀ kí ó tó rì, a ó da iyọ̀ sí i, ìwọ̀n rẹ̀ a máa tó ìdajì ìwọ̀n òróró, nígbà mìíràn a sì dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò nídìí àpótí. Ọṣẹ mìíràn a máa dúró di ọjọ́ kejì kí a tó gé e, ṣùgbọ́n ọṣẹ oníyọ̀ kì í dúró de ènìyàn. Láàárín wákàtí kan sí méjì ni yóò ti le. Bí a bá gé e nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìka sì lè tẹ̀ ẹ́ wọ̀ díẹ̀, ọ̀bẹ yóò là á kọjá, ojú ibi tí ó gbà yóò sì máa dán bí eyín erin. Bí ọmọ iṣẹ́ bá lọ jẹun kí ó tó padà dé ìdí rẹ̀, ọṣẹ náà yóò fọ́ wómúwómú lábẹ́ ọ̀bẹ, kò sì sí ohun tí a lè fi ṣe mọ́ ju kí a rún un fún aṣọ fífọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, yóò gbẹ dáradára. Ní àsìkò òjò, iyọ̀ inú rẹ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ọṣẹ náà a sì máa làágùn lórí pákó, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ó ti bàjẹ́.

Kí wá ni iyọ̀ yìí ń ṣe fún awọ ara? Ní tèmi, n kò ní parọ́ fún oníbàárà: ó ń fọ awọ tí ó ti kú kúrò, ó ń jẹ́ kí ọṣẹ pẹ́ lọ́wọ́, kí ojú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, ara tí ó ní òróró púpọ̀ sì máa ń gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó ní egbò, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun, kí ó yà á sọ́tọ̀. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ, kí ó fi omi tútù ṣan ara rẹ̀ dáradára, kí ó sì fi òrí pa á kí omi tó gbẹ tán. Gbogbo iyọ̀ òkun kọ́ ni ó sì jẹ́ ọ̀kan náà: nínú lítà omi òkun kan, nǹkan bí gíráàmù 35 ohun yíyòrò ni ó wà, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òkun Òkú tí ó wà láàárín Jọ́dánì àti Ísírẹ́lì yàtọ̀ pátápátá: iyọ̀ tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti òkun wa, máginíṣíọ́mù ni ó sì jọba nínú rẹ̀, tí àwọn oníṣègùn fi ń rán àwọn tí àrùn awọ tí ń jẹ́ psoriasis ń bá jà lọ síbẹ̀ kí wọ́n lọ wẹ̀, kí wọ́n sì yá oòrùn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ọlọ́jà tí ó di iyọ̀ tí ó ti Senegal wá sínú ike kékeré, tí ó wá ń fi òkìkí Òkun Òkú tà á, inú mi a bàjẹ́. Iyọ̀ Senegal níyì tirẹ̀. Kò nílò kí a jí orúkọ ẹlòmíràn gbé wọ̀ ọ́.

Iyọ̀ gbajúmọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ohun gbogbo tí òkun fi ta wá lọ́rẹ, koríko rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ní nǹkan bí ọdún 1881 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, E. C. C. Stanford, fa ohun yíyọ̀ kan jáde láti ara koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀, òun ni a ń pè ní alginate. Láti ara àwọn koríko pupa ni carrageenan àti agar sì ti ń wá. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, iṣẹ́ tí ilá ń ṣe nínú ọbẹ̀: wọ́n ń gbá omi mú kí ó má lè sá. Nínú ìpara, wọn a jẹ́ kí ó ki láìjẹ́ pé a da ọ̀rá púpọ̀ sí i. Lórí awọ, wọn a tẹ́ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ. Ní Bouaké tí ọyẹ́ máa ń fọ́ ènìyàn ní ètè, tí ó sì ń la ẹsẹ̀ ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kínní, ẹni tí ó bá ti fi ìpara bẹ́ẹ̀ para lábẹ́ òrí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. A kì í da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé yóò di kókó tí inú rẹ̀ gbẹ, tí apá kò sì ní ká mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń wọ́n ọn bí omi ti ń yí po lábẹ́ orógùn, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè mu omi yó. Irú omi tí a lò pẹ̀lú ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní ọdún 2018, nígbà tí ọ̀dá mú ìdídò La Loka tí ìlú yìí gbójú lé gbẹ, tí gbogbo Bouaké ń ru ike kiri láti wá omi, àwa tí ń po ìpara pẹ̀lú di ẹni tí ń lo omi kànga, omi kànga kan tí wọ́n gbé wá fún wa sì ní kálíṣíọ́mù púpọ̀ nínú. Bí alginate ti kàn án, ó dì lójú wa, ó di ègé ègé. Kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àbùdá ohun náà ni, kálíṣíọ́mù ni í máa ń so ó pọ̀. Àwọn tí ń ṣe ìlẹ̀mọ́jú tí ń dì lójú ènìyàn, tí a sì ń ṣí kúrò ní odindi, àbùdá yìí gan-an ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ lò.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń kì bọ àwọn ọmọ iṣẹ́ létí láìsinmi: ohunkóhun tí omi bá wà nínú rẹ̀, tí koríko òkun sì wà níbẹ̀, oúnjẹ ni fún kòkòrò tí ojú kò rí. Ìpara tí a kò bá fi èròjà tí ń lé kòkòrò sí, ní ooru ilẹ̀ yìí, yóò bu kí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kọjá, nígbà mìíràn yóò sì ti bàjẹ́ kí ojú tó rí i. Àwọn kan ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìpara tiwọn kò ní kẹ́míkà kankan; èmi yóò kúkú ta ìpara tí kò lè kó kòkòrò wọ ojú ọmọdé.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé nítorí pé ohun kan ti inú òkun wá, ó mọ́. Láti ọdún 2011 ni koríko sargassum ti ń wọ́ wá sí etí òkun wa ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, láti Sierra Leone dé Côte d'Ivoire, Ghana àti Nàìjíríà, tí àwọ̀n àwọn apẹja ń kún fún un dípò ẹja, tí òórùn rẹ̀ bí ó ti ń rà sì ń dààmú àwọn ará èbúté. Ó ti wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn pé a rí ọrọ̀ ọ̀fẹ́, kí a kó o, kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́ sínú ọṣẹ. Koríko yìí a máa fa àsẹ́níìkì mọ́ra láti inú omi, àsẹ́níìkì sì ni májèlé tí gbogbo ayé mọ̀. A lè fi ẹ̀rọ fa alginate mímọ́ jáde lára rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kan ara ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí a gbé e láti orí iyanrìn kí a lọ̀ ọ́ mọ́ ọṣẹ ọmọ ìkókó, ìwà ìkà ni, bí ẹni tí ó ń ṣe é kò bá tilẹ̀ mọ̀.

Nípa ti àwọn ẹran òkun, ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn lórí àbùùbùtán, tí wọ́n pa ní ìpakúpa nítorí ọ̀rá orí rẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe ìpara ojú, títí àjọ àgbáyé tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dá pípa rẹ̀ fún òwò dúró láti ọdún 1986. Èyí tí ó kàn wá jù ni àkurákudà. Ní 1906, onímọ̀ ará Japan kan, Mitsumaru Tsujimoto, rí òróró kan nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí a wá ń pè ní squalene. Òróró yìí fúyẹ́, kì í lẹ̀, awọ ara sì tètè ń gbà á, nítorí pé nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá tí awọ tiwa fúnra rẹ̀ ń sun jẹ́ òun náà. Ẹwà rẹ̀ kò ní àbùkù. Iye ẹ̀mí tí a fi ń rà á ni kò dára. Àkurákudà inú ibú kì í tètè dàgbà, ọmọ tí ó ń bí kò pọ̀, ibi tí a bá sì ti pa á tán, yóò pẹ́ kí ó tó padà kún. Ní ọdún 2008, Unilever àti L'Oréal kéde pé àwọn yóò yẹra fún ti àkurákudà. Lónìí, ara ólífì àti ìrèké ni a ti ń rí squalene tí kò yàtọ̀ sí i rárá. Ẹni tí ó bá wá ń gbé òróró ẹ̀dọ̀ àkurákudà fún mi láti èbúté, mo ń dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kì í sì í bá a nájà.

Ohun tí ó yẹ kí a wò ni èyí tí a ti pa fún oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Èbúté Abidjan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹja tuna ń gbà wọlé jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti ibẹ̀ ni ẹja garba tí gbogbo ọmọ Côte d'Ivoire ń fi jẹ attiéké ti ń wá, awọ àti egungun tí ó sì ń ṣẹ́ kù kò kéré. A lè rí collagen láti ara awọ ẹja, ó sì dára fún ìpara níwọ̀n ìgbà tí a bá sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ó tóbi ju kí ó wọ inú awọ ènìyàn lọ, orí awọ ni ó ń jókòó sí, tí ó ń gbá omi mú, kò lè sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ní Fortaleza, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn oníṣègùn ti fi awọ ẹja tilapia tí a fọ̀ mọ́ tónítóní bo ojú iná lára ènìyàn, tí ó sì ṣe iṣẹ́ rere. Tilapia kì í ṣe ẹja òkun, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìlú wa ní ìpín nínú rẹ̀: irú kan wà tí orúkọ Bouaké yìí ń bẹ lára rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹja. Èmi a máa ronú pé bí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ní yunifásítì ìlú yìí bá lè gbé awọ ẹja tí a ń jù sí ààtàn yẹ̀ wò, ohun tí wọn yóò rí níbẹ̀ yóò ṣe ìlú láǹfààní ju ike ìpara tí a ń kó wọlé lọ.

Ohun tí a sì fi wẹ̀ kì í parẹ́. Bouaké wà láàárín odò Bandama àti odò N'Zi, N'Zi sì ń lọ da omi rẹ̀ sínú Bandama, Bandama sì ń wọ òkun ní Grand-Lahou. Ọ̀nà tí iyọ̀ gbà gòkè wá bá àwọn baba àwọn onílé, ọ̀nà náà ni ìfófòó ọṣẹ wa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ padà. Nítorí èyí ni mo fi kọ hóró ike kéékèèké tí wọ́n ń fi ha ara nínú àwọn ọṣẹ kan, èyí tí Amẹ́ríkà fi òfin dè ní 2015. Iyọ̀ yóò yòrò. Ike kò ní yòrò, inú ẹja ni yóò sì parí sí.

Nígbà kan, ìyá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ ọmọ Èjìgbò ti àdúgbò Koko wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá ọlọ́ṣẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ní ọṣẹ òkun. Ọmọ mi ń ṣe ìyàwó lóṣù tí ń bọ̀, ṣé yóò bá wa mú ara rẹ̀ pọ́n?" Mo ní, "Ẹ ṣé o, ìyá mi. Yóò bá yín mú un mọ́, yóò bá yín mú un jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí ẹ̀yin àti baba rẹ̀ fún un, n kò ní ọṣẹ tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rà á. Ọ̀pọ̀ ni kì í rà, tí wọn a kọjá lọ sí ìsọ̀ mìíràn níbi tí wọ́n ti ya ìgbì òkun aláwọ̀ ojú ọ̀run sí ara ike, tí hydroquinone tàbí mẹ́kúrì sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ìjọba Côte d'Ivoire ti fi òfin de irú àwọn ìpara abóra bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì wà lórí àtẹ, orúkọ òkun, ti ewé àti ti wàrà ni wọ́n sì fi ń sá pamọ́ sí. Òkun kì í bó ènìyàn. Àwọn apẹja Ìlàjẹ àti ti Fanti tí wọ́n bí sí etí rẹ̀, tí wọ́n sì dàgbà sínú rẹ̀, ẹ wo bí àwọ̀ wọn ti dúdú dáradára tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin àti ọkùnrin tí ẹ ń fi owó yín ra ohun tí ẹ fi ń para, ẹ máa yí ẹ̀yìn ike padà kí ẹ tó sanwó. A máa ń to orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti orí èyí tí ó pọ̀ jù dé èyí tí ó kéré jù. Bí ẹ bá rí koríko òkun tàbí iyọ̀ òkun lẹ́yìn lọ́fínńdà, ẹ mọ̀ pé orúkọ nìkan ni wọ́n tà fún yín. Bí kò bá sì sí orúkọ kankan lẹ́yìn ike náà, ẹ gbé e padà sórí àtẹ, kí ẹ sì bi ẹni tí ń tà á pé: kí ni ó wà nínú rẹ̀, báwo ni ó ti pọ̀ tó, níbo ni ẹ sì ti rí i?